Inú Ìkòkò Kan Náà Ni Wọ́n Ti Wá: Ìtàn Ṣúgà Funfun, Ṣúgà Pupa àti Ṣúgà Àìfọ̀

Bí ènìyàn bá wọ ilé ìtajà ńlá ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí, yóò rí oríṣi ṣúgà mẹ́ta lórí pẹpẹ: funfun, pupa, àti èyí tí wọ́n ń pè ní àìfọ̀. Owó wọn kì í dọ́gba, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé àrà ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ ti ìrèké, ìyá kan náà ló bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí wọ́n bá se omi ìrèké títí tó fi di hóró, oje dúdú kan tó ki bí oyin a máa lẹ̀ mọ́ hóró náà. Bí oje yìí bá ti pọ̀ tó nínú ṣúgà ni àwọ̀ àti adùn rẹ̀ yóò ti rí.

Kò sí ibi tí èyí ti hàn kedere tó àwọn oko ìrèké Kúbà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Inú ìkòkò ẹlẹ́nu gbòòrò tí ìdí rẹ̀ ṣóńṣó, tó sì ní ihò nísàlẹ̀, ni wọ́n ń da ṣúgà gbígbóná sí. Nígbà tó bá dì, wọn a fi amọ̀ tútù bo ojú rẹ̀. Omi inú amọ̀ a máa ṣàn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a sì máa fọ oje dúdú náà lọ sí ìdí ìkòkò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òkè ti di funfun, àárín pupa, ìdí sì dúdú. Funfun ló ń lọ sọ́jà olówó. Dúdú ni owó rẹ̀ kéré jù.

Ta ni ń ṣe iṣẹ́ yìí? Àwọn ẹrú ni, àwọn ọmọ Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Ogun tó tẹ̀ lé ìṣubú Ọ̀yọ́ ló kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn dé etíkun, tí wọ́n sì tà wọ́n sí Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Lùkùmí. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ní àwọn erékùṣù ìrèké, àáké gidi wà nítòsí ẹ̀rọ ìfúnrèké, kí wọ́n lè fi gé apá ẹrú tí ẹ̀rọ bá fà wọlé. Ẹni tó ń jẹ oyin kọ́ ni ẹnu àáké ń bá.

Ọdún 1843 ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí. Ní ọdún náà, Norbert Rillieux gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tó fi ooru ìkòkò kan se ìkòkò tó tẹ̀ lé e. New Orleans ni wọ́n ti bí i ní 1806. Aláwọ̀ dúdú ni ìyá rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹrú. Ẹ̀rọ rẹ̀ dín epo ìdáná kù, ó sì rọ́pò iṣẹ́ eléwu tí àwọn ẹrú fi ń bu omi ìrèké híhó láti ìkòkò dé ìkòkò. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, àwọn ẹrú oko Triunvirato ní Matanzas dìde sí àwọn olówó wọn. Carlota, obìnrin Lùkùmí, wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ibẹ̀ ló kú sí. Nígbà tí Kúbà rán ọmọ ogun lọ sí Àǹgólà ní 1975, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe iṣẹ́ ogun náà. Oko ẹrú kò sì tán ní Kúbà títí di 1886, ọdún méjì ṣáájú Bràsíl.

Lónìí, ẹ̀rọ tó ń yí bírí ló ń gbọn oje dúdú kúrò lára hóró. Ọ̀pọ̀ ṣúgà pupa tó wà lọ́jà sì jẹ́ funfun tí wọ́n tún da oje náà padà sí. Èròjà aṣaralóore tó wà nínú oje ọ̀hún kéré débi pé ṣúgà pupa kò fi bẹ́ẹ̀ sàn fún ara ju funfun lọ. Nínú ìsè ni ìyàtọ̀ wà. Funfun kì í yí àwọ̀ ògì padà, adùn nìkan ló ń mú wá. Pupa ń fa omi mọ́ra, nítorí náà kéèkì tí wọ́n fi ṣe a máa rọ̀. Àìfọ̀, irú èyí tí àwọn ará Bràsíl ń pè ní rapadura, ní adùn tó jinlẹ̀ jù, nítorí pé wọn kò yọ oje rẹ̀ kúrò rárá.

Kí oníkálùkù mú èyí tó bá ọbẹ̀ tàbí kéèkì rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé funfun ga ju dúdú lọ, kó rántí pé inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti wá, àti pé ọwọ́ àwọn Lùkùmí wà lára àwọn ọwọ́ tó fọ̀ ọ́ di funfun.