Kí Ló Dé Tí Oògùn Ìtura Fi Ń Jẹ́ Olóró?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń bí mi nínú bí mo bá bá a pàdé nínú ìwé ìlera: "ìṣàkóso ìrora". Ìlú là ń ṣàkóso, ilé-iṣẹ́ là ń ṣàkóso. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún kò wá alákòóso, kí ara tù ú ló ń wá.

Iṣẹ́ abẹ, akunilóorun, apàrora, òdíwọ̀n ìrora láti 0 dé 10: kò sí ìjà nínú ìwọ̀nyí. Èdè wa tiẹ̀ ju òdíwọ̀n lọ: egbò ń ta, eegun ń ro, inú ń run, ẹ̀gbẹ́ ń gún. "Ro" yìí àti "ara" ló bí ìrora. Dípò ìṣàkóso, "ìmáratuni" ni mo fara mọ́. "Tù" inú rẹ̀ ló wà nínú ìtura àti ìtùnú. "Mú" sì fi hàn pé iṣẹ́ ẹnìkan ni, a kò dá a dá aláìsàn kó máa fara dà á.

Èyí tó le jù ni "egbòogi olóró". Fún kokéènì, mo gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń fà á bo mọ́fíìnì, tó jẹ́ apàrora. Ejò ló ní oró; ẹni tí a bá dá lóró ló ń joró. Oògùn tó ń gbani lọ́wọ́ oró, ṣé olóró ló yẹ kó jẹ́?

Ìbẹ̀rù tí irú orúkọ yìí ń fà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ìgbìmọ̀ ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet sọ lọ́dún 2017 pé nínú tọ́ọ̀nù 298.5 oògùn irú mọ́fíìnì tí ayé ń pín lọ́dún, tọ́ọ̀nù 0.1 péré ló ń dé àwọn orílẹ̀-èdè tó tòṣì jù. Òfin líle àti ìbẹ̀rù wà lára ohun tó fà á. Uganda gbìyànjú: láti ọdún 2004 ni òfin ti gba àwọn nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀kọ́ àkànṣe láyè láti kọ mọ́fíìnì fún aláìsàn. Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, wọ́n kọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ ní àkọjù, ó sì di bárakú fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ wò ó, "bárakú" ti wà nílẹ̀ fún ìkìlọ̀. Kí la tún ń fi olóró ṣe?

Ní tèmi, ohun tó ti òkè òkun wá lè mú orúkọ rẹ̀ bọ̀: mọ́fíìnì ni kó máa jẹ́, kí a pe ìdílé rẹ̀ ní apàrora alágbára. Ohun tí ara ń mọ̀ ni a kò gbọ́dọ̀ yá orúkọ fún. Ìyá tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀, tó gbọ́ pé apàrora alágbára ni, yóò na apá fún abẹ́rẹ́. Bó bá gbọ́ olóró, yóò fà á sẹ́yìn, yóò sì máa jẹ̀rora.