Límbé: Ìlú Ẹsẹ̀ Òkè

Ẹni tó bá gba ojú òkun wọ Límbé, ní Kamẹrúùnù, òkè ni yóò kọ́kọ́ rí kó tó rí ilé. Òkè Kamẹrúùnù ga ju mítà 4,000 lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Àwọn Bakweri tó ni ilẹ̀ náà gbà pé Epasa Moto ni olúwa òkè: ààbọ̀ ara rẹ̀ ènìyàn, ààbọ̀ òkúta.

Àwọn tí wọ́n lé kúrò nílé ló tẹ ìlú náà dó. Lọ́dún 1858, ìjọba Sípéènì kéde ní erékùṣù Fernando Po pé ìjọ Àgùdà nìkan ni òun fàyè gbà. Alfred Saker, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Ìlú Ọba, kó ìjọ rẹ̀ kọjá sí òdìkejì omi. Àwọn tí a gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú wà lára wọn. Ó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ Ọba William ti Bimbia, ó sì sọ ibẹ̀ ní Victoria, orúkọ ọbabìnrin Ìlú Ọba.

Lọ́dún 1887, ìlú bọ́ sọ́wọ́ Jámánì. Òkè ayọnáyèéfín ni òkè yìí, eérú rẹ̀ láti ayébáyé ló sọ ilẹ̀ ibẹ̀ di dúdú, ọlọ́ràá. Àwọn Jámánì rí èyí. Wọ́n dá ọgbà ewéko sílẹ̀ lọ́dún 1892, níbi tí wọ́n ti ń dán kòkó, kọfí àti rọ́bà wò. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Bakweri ni wọ́n gbà ṣe oko ńláńlá, tí wọ́n sì há onílẹ̀ mọ́ kọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, Gẹ̀ẹ́sì gbà á, ó sì ń ṣàkóso rẹ̀ pọ̀ mọ́ Nàìjíríà títí di 1960. Ní ọjọ́ 11 oṣù Èrèlé 1961, àwọn ará ibẹ̀ dìbò pé Kamẹrúùnù làwọn ń bá lọ. Ilé ìfọpo SONARA bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ lọ́dún 1981.

Òkè tó ń fúnni náà ló ń gbà. Ní Debundscha tí kò jìnnà síbẹ̀, òjò ọdún kan lè ju mìlímítà 10,000 lọ. Lọ́dún 1999, àpáta yíyọ́ ṣàn wálẹ̀, ó dí ọ̀nà mọ́tò ní Bakingili, díẹ̀ ló kù kó wọ òkun. Ní oṣù Òkúdu 2001, òjò mú kí ilẹ̀ ya ní Límbé, ó sì pa ènìyàn tó lé ní ogún. Síbẹ̀, ilẹ̀ tó ń ya yìí náà ló ń bọ́ àwọn ará ibẹ̀. Wọn kò kó lọ.

Lọ́dún 1982, wọ́n bọ́ orúkọ ọbabìnrin sílẹ̀, wọ́n sì mú orúkọ odò ibẹ̀. Odò Límbé ti ń ṣàn kí ọkọ̀ Saker tó gúnlẹ̀. Títí dòní, inú ọgbà tí Jámánì gbìn ló ń gbà kọjá lọ sókun.