Ẹnu Ọ̀nà Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga: Ìtàn Ìdánwò Ìwọlé àti Ẹ̀kọ́ Tí Ó Fi Kọ́ Wa

Ẹni tí ó bá gba Malu Road kọjá láti Àpápá lọ sí Ajégúnlẹ̀ ní kùtùkùtù òwúrọ̀ yóò pàdé oríṣìí èrò méjì. Àwọn kan ń lọ sí èbúté, sí ọjà àti sí ibi iṣẹ́ wọn. Àwọn kejì ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé àpò ìwé kọ́ èjìká. Orúkọ Ajégúnlẹ̀ fúnra rẹ̀ fi hàn pé ajé ni àwọn tí ó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ ń retí kí ó gúnlẹ̀ síbẹ̀, nítorí ajé náà sì ni Ìlàjẹ, Ìjọ́, Ùròbò, Ìgbò, Haúsá àti Yorùbá ṣe ń gbé níbẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bi òbí kan níbẹ̀ léèrè lónìí pé kí ni ó ń retí, kì í pẹ́ kí ó tó mẹ́nu ba ìdánwò JAMB ọmọ rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a kọ ìtàn ìdánwò ìwọlé fún ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí a lè mọ ẹni tí ó ti di kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà náà mú rí, àti bí ó ti yẹ kí a múra láti wọlé.

Ní ọdún 1827 ni Ẹgbẹ́ C.M.S. dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay sílẹ̀ ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí a kó lẹ́rú ní 1821, wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 1876 ilé-ẹ̀kọ́ náà so pọ̀ mọ́ Yunifásítì Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ìgbà náà ni ọmọ ilẹ̀ wa sì ti lè gba oyè yunifásítì láìré òkun kọjá lọ sí ilẹ̀ òyìnbó. Ní Èkó, Thomas Babington Macaulay, àna Crowther, bẹ̀rẹ̀ C.M.S. Grammar School ní 1859 pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà péré. Ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn èyí, ìdánwò tí ń ṣí ilẹ̀kùn kì í ṣe tiwa. Láti Cambridge àti London ni ìbéèrè ti ń wá; ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé ìdáhùn padà; ọmọ tí ó kọ ọ́ yóò sì máa ka oṣù títí èsì yóò fi dé. Bí ó bá kùnà, ta ni ó wà nítòsí tí yóò bi léèrè ibi tí òun ti ṣìnà?

Ní 1932 Ìjọba bẹ̀rẹ̀ Higher College ní Yábàá, a sì ṣí i pẹ̀lú ayẹyẹ ní 1934. Inú àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó kò dùn sí i, nítorí pé ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kì í ṣe oyè yunifásítì, àti pé ipò igbákejì lábẹ́ òyìnbó ni a pèsè fún àwọn tí ó bá jáde níbẹ̀. Ìbínú yìí wà lára ohun tí ó bí ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Lagos Youth Movement ní 1934. Ẹ kíyèsí i, ẹ̀yin olùkọ́, pé ọ̀rọ̀ ìdánwò àti ìwé-ẹ̀rí kì í pẹ́ di ọ̀rọ̀ ìlú. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 láti Yábàá ni ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní University College, Ìbàdàn, oyè London ni wọ́n sì ń gbà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀mọ̀wé Jeffery wá láti London láti wo bí ìdánwò ti rí ní ilẹ̀ wa. Ìròyìn tí ó kọ ní 1950 ni ó fa ìdásílẹ̀ WAEC ní 1952, fún Nàìjíríà, Gold Coast tí ó di Gánà, Sàró àti Gáńbíà. Làìbéríà dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1974. Báyìí ni kọ́kọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀ sí padà sí ọwọ́ onílé.

Nígbà tí yunifásítì wá ń pọ̀ sí i lẹ́yìn 1970, ọ̀ràn mìíràn yọjú. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ń gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà tirẹ̀. Ọmọ tí ó ní owó fọ́ọ̀mù àti owó ọkọ̀ lè gba àyè ní ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ni ibi kan ṣoṣo ni yóò lọ. Àyè ìyókù a ṣófo, ọmọ tálákà a sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Èyí ni ó mú kí Ìjọba Àpapọ̀ dá JAMB sílẹ̀ ní 1978, kí òṣùwọ̀n kan lè wà fún ọmọ olówó àti ọmọ tálákà. Ẹni tí ó bá ń bú JAMB lónìí, kí ó rántí ìdí tí a fi bí i.

Òṣùwọ̀n kan dára, bí òṣùwọ̀n náà bá jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ó lè sọ ọ́ di èké: ìwà ẹni tí a ń wọ̀n, àti àìṣọ́ra ẹni tí ń wọ̀n ọ́n.

Ní ti èkínní, àwọn àgbà kò gbàgbé ọdún 1977, nígbà tí ìbéèrè ìdánwò WAEC jo síta tí ọ̀rọ̀ náà ‘ẹ́kísípò’ sì di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ènìyàn. Láti ìgbà náà ni àrùn yìí ti ń ràn, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn yunifásítì kò fi gbẹ́kẹ̀ lé máàkì JAMB nìkan mọ́, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe àyẹ̀wò tiwọn láti 2005. Nípa bẹ́ẹ̀, olè tí ẹnì kan jà di ẹrù lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tí kò jalè: ìdánwò kan di méjì fún gbogbo wọn.

Ní 2010 a so ìdánwò ìwọlé yunifásítì, ti pólì àti ti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ pọ̀ di ọ̀kan. Ní 2013 a mú kọ̀ǹpútà wọ inú rẹ̀. Nígbà tí ó fi di 2015, kò sí ẹni tí ó ń fi pẹ́ńsù ṣe é mọ́. A retí pé ẹ̀rọ yóò pa ẹ́kísípò run. Ó dín in kù nítòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ pẹ̀lú lè ṣìnà, èyí sì ni ohun kejì tí a wí.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, a gbọ́ pé nínú èsì tí ó ju 1,900,000 lọ, èyí tí ó ju 1,500,000 lọ ni kò dé 200 nínú 400. Ariwo ta. Àwọn kan ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò kàwé mọ́, pé fóònù ti gbà wọ́n lọ́kàn. Àwa pẹ̀lú wí bẹ́ẹ̀ lójú àwọn ọmọ tí a ń kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́bàá Malu Road, a sì fi ìtìjú kún ìbànújẹ́ wọn. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà ni olórí JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, bọ́ síwájú gbogbo ìlú, tí ó sì jẹ́wọ́ pé àtúnṣe kan tí ó yẹ kí a ṣe sí ẹ̀rọ tí ń gba ìdáhùn kò dé àwọn ibùdó kan. Ibùdó 157 ni ó kàn nínú 887: 65 ní ẹkùn Èkó, tí ọmọ 206,610 jókòó sí, àti 92 ní ẹkùn Òwèrè, tí ọmọ 173,387 jókòó sí. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 379,997. Ó sunkún, ó tọrọ àforíjì, a sì pe àwọn ọmọ náà padà láti tún ìdánwò náà ṣe.

Àwa kò sunkún ní gbangba, ṣùgbọ́n a padà tọ àwọn ọmọ wa lọ, a sì bẹ̀ wọ́n. Kò yẹ kí olùkọ́ yára ju adájọ́ lọ. Máàkì jẹ́ ẹ̀rí, kì í ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn. Ó sì tọ́ kí a yẹ ẹlẹ́rìí wò kí a tó dá ẹni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ dé òpin: iye tí àṣìṣe náà kàn kò tó ìdá mẹ́ta àwọn tí kò dé 200. Àṣìṣe ẹ̀rọ kò ní kí ọmọ má múra.

Báwo ni kí ó ti múra? Kí ó kọ́kọ́ mọ bí ìdánwò náà ti rí. Ìbéèrè 180 ni, 60 nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó di dandan fún gbogbo ènìyàn, àti 40 nínú iṣẹ́ mẹ́ta mìíràn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wákàtí méjì ni a fún un. Ẹ pín in: ogójì ìṣẹ́jú-àáyá ni ó kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n ṣùgbọ́n tí kò yára lè kùnà bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Kí ó máa dáhùn ìbéèrè àtijọ́ pẹ̀lú aago níwájú rẹ̀. Kí ó ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ gbogbo àṣìṣe rẹ̀ sí, kí ó sì padà sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí ẹni tí ó ka ohun tí ó ti mọ̀ ní ìgbà mẹ́wàá kò tíì fi nǹkan kan kún un. Kí ó jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà ṣáájú ọjọ́ náà, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà gbọ̀n. Kí ó mọ ọ̀nà ibùdó ìdánwò ṣáájú, nítorí ọkọ̀ akẹ́rù Àpápá kò mọ̀ pé ẹnì kan ní ìdánwò ní agogo méje. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó tètè bẹ̀rẹ̀: díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tí ó ṣáájú yín dúró de ọkọ̀ ojú omi láti Cambridge, wọ́n sì wọlé. Kọ́kọ́rọ́ ti súnmọ́ yín ju tiwọn lọ. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. A sì ti wí fún yín. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá wọn ka ìwé, ẹ bá wọn béèrè òtítọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń wọ̀n wọ́n, nígbà tí èsì bá sì dé, ẹ mú sùúrù kí ẹ tó la ẹnu yín.