Láti Ọparun dé Irin: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Mú Eegun Dúró

"Ó le kú, ìjà Òrè!" Mélòó nínú wa ni kò tíì gbọ́ ọ rí? Oṣù Kẹjọ ọdún 1967 ni àwọn ọmọ ogun Biafra dé Òrè, ibẹ̀ ni ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ sì ti dá wọn dúró. Ogun ti tán, ṣùgbọ́n Òrè, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó, ṣì wà ní oríta ọ̀nà Èkó, Benin àti Oǹdó. Ìjàǹbá ọkọ̀ ló wá ń ṣẹ́ni lẹ́sẹ̀ báyìí.

Kí òyìnbó tó dé la ti ní àwọn tó ń to eegun. Wọn a fọwọ́ wá ibi tó ṣẹ́, wọn a tò ó, wọn a sì fi ọparun dì í. Àwọn mìíràn a ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ, wọn a tọ́jú òun náà. Ọjọ́ tí adìẹ bá rìn, aláìsàn náà yóò dìde.

Bí eegun bá wá yọ síta ńkọ́? Bí a bá dì í pa, egbò a kẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bí ìdè bá le jù, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè lọ, ẹsẹ̀ a sì kú.

Ìṣòro yìí ni àwọn dókítà òyìnbó náà bá jà. Ní 1897, Clayton Parkhill ní Amẹ́ríkà gbé irin wọ inú eegun lókè àti nísàlẹ̀ ibi tó ṣẹ́, ó sì so wọ́n pọ̀ ní òde ara. Albin Lambotte ṣe tirẹ̀ ní Belgium ní 1902. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, Gavriil Ilizarov ní Rọ́ṣíà lo òrùka irin àti wáyà. Ó rí i pé bí a bá ń fa eegun ní mílímítà kan lójúmọ́, eegun tuntun a hù sí àlàfo náà. Nílẹ̀ wa, Ìgbóbì ní Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1943 nítorí àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́, di ilé ìwòsàn eegun.

Ẹ wò ó dáadáa: èrò kan náà ló wà nínú irin yìí àti ọparun àwọn baba wa, pé kí a di eegun mú láti òde, kó má mì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé irin fi ojú egbò sílẹ̀ kí nọ́ọ̀sì lè máa wẹ̀ ẹ́.

Ojú irin náà ń bani lẹ́rù, ọ̀pọ̀ ló sì ń sá fún un. A ò ní kẹ́nikẹ́ni tẹ́ńbẹ́lú ọgbọ́n àwọn baba wa. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran: bí awọ bá ti ya, tí eegun sì hàn síta, ilé ìwòsàn ló kàn.