Ìyẹ́ kan, owó ẹyọ mẹ́fà: ìtàn káàdì àfọwọ́ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ máa fọwọ́ ara yín ṣe káàdì, àmọ́ tẹ́ ẹ ti wo fídíò àwọn tó ní ẹ̀rọ tó ń gé pépà, tẹ́ ẹ wá sọ pé "ó dìgbà tówó bá wọlé": ẹ jókòó díẹ̀. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ó gùn o. Ẹ bu gààrí yín sẹ́gbẹ̀ẹ́.

2/ Ọ̀rọ̀ mi ò ju ẹyọ kan lọ: irinṣẹ́ olówó ńlá kọ́ ló ń sọ káàdì di káàdì. Ẹni tó fi ohun tó wà nílé ránṣẹ́ sí èèyàn rẹ̀ ti ṣe é. Mo máa fi ìtàn mẹ́rin gbè é lẹ́sẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, torí náà ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé wa.

3/ Kí pépà tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, àrokò wà. Owó ẹyọ, ìyẹ́, okùn, awọ: wọ́n á so ó pọ̀, ìránṣẹ́ á gbé e lọ, ẹni tó gbà á á sì "kà" á. Owó ẹyọ méjì tó dojú kọra wọn ń sọ pé mo fẹ́ rí ọ. Tí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ààrín ti dàrú nìyẹn.

4/ Ibi tó dùn jù ni eré tí wọ́n ń fi iye ṣe. Mẹ́fà ni ẹ̀fà, "fà" sì wà nínú rẹ̀. Tí ẹnì kan bá fi ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ, ọkàn mi ń fà sí ọ ló ń sọ. Mẹ́jọ ni ẹ̀jọ, "jọ" wà nínú tiẹ̀ náà. Tó o bá fi mẹ́jọ dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ tiwa ti jọra nìyẹn, o ti gbà. Àbí ẹ ò rí àwọn baba ńlá wa? Wọ́n ti ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ láìní bírò.

5/ Èyí kì í ṣe àlọ́ o. J. A. Otunba Payne, ọ̀gá òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ gíga ní Èkó, kó àwọn àrokò kan jọ, ọ̀rọ̀ wọn sì jáde ní London ní 1887. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti ọmọ ọba kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó fi ránṣẹ́ sí ọmọ ìyá rẹ̀ tó ń gbé Èkó. Owó ẹyọ mẹ́fà àti ìyẹ́ kan ṣoṣo ni.

6/ Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe kà á. Ẹyọ mẹ́fà: mo fà ọ́ mọ́ra, ìwọ náà fà mọ́ mi. Ìyẹ́ yẹn wá ńkọ́? Ìyẹ́ ni wọ́n fi ń ro etí nígbà yẹn. Nítorí náà: etí rẹ nìkan lọwọ́ mi tó báyìí, máa bọ̀ kí n fojú rí ọ. Ọmọ ọba ni o! Ó lè fi ohun tó tóbi ránṣẹ́. Ìyẹ́ tí wọ́n fi ń ro etí ló mú.

7/ Ẹ jẹ́ ká ṣírò iye rẹ̀. Owó gidi lowó ẹyọ láyé ìgbà yẹn, ogójì ló sì ń wà lórí okùn kan. Mẹ́fà ò tó ìdá mẹ́fà okùn kan. Ohun tó wọ́n nínú àrokò yẹn ni ìrònú tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó so ó mọ ẹni tó ń so ó fún, ó sì mọ̀ pé á yé e.

8/ Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọdá òkun lọ sí Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí káàdì Kérésìmesì tá a mọ̀ lónìí ti bẹ̀rẹ̀. Títí di 1839, lẹ́tà wọ́n níbẹ̀ gan-an. Bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó, tí pépà bá sì ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ lowó ń gòkè. Ẹni tó gba lẹ́tà ló sábà máa ń sanwó rẹ̀! Ẹ fojú inú wò ó: èèyàn kí ọ kú ọjọ́ ìbí, ìwọ lo tún sanwó ìkíni.

9/ Rowland Hill ló jà pé kí wọ́n yí i padà. Ní 1840, ó di kọ́bọ̀ kan péré fún lẹ́tà fúyẹ́fúyẹ́, ibi yòówù kó ń lọ nínú ìlú, ẹni tó fi ránṣẹ́ ló sì ń san án. Lẹ́tà wá ya bo àwọn èèyàn. Henry Cole, ọ̀kan lára àwọn tó bá Hill ṣiṣẹ́, ní lẹ́tà Kérésìmesì tó gbọ́dọ̀ dáhùn rẹpẹtẹ nílẹ̀.

10/ Ní 1843, Cole ní kí ayàwòrán John Callcott Horsley bá òun ya káàdì kan. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n wá ń fi ọwọ́ kùn ún láwọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ṣẹ́ kù ni wọ́n tà, ṣílè kan fún ọ̀kan. Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín: kọ́bọ̀ 12 ló wà nínú ṣílè. Káàdì kan ná wọn ní ìlọ́po 12 owó tí wọ́n fi ń ránṣẹ́. Kò yà mí lẹ́nu pé káàdì yẹn ò di ti gbogbo ayé lọ́dún náà.

11/ Àmọ́ àwọn èèyàn ibẹ̀ ò dúró de Cole kí wọ́n tó máa kí ara wọn. Ó ti lé ní 50 ọdún ṣáájú 1843 tí àwọn olólùfẹ́ ti ń fọwọ́ ṣe ti Valentine. Wọ́n á ká pépà kan ṣoṣo bí àpò kékeré, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ sí ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan, ẹni tó gbà á á máa tú u ní kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ títí á fi dé àárín. Àwọn mìíràn á fi abẹ́rẹ́ dá ihò wínníwínní sí pépà títí á fi jọ léèsì.

12/ Pépà kan, abẹ́rẹ́ kan, sùúrù. Àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ń tọ́jú irú wọn dòní. Òmíràn ní àṣìṣe, ìlà rẹ̀ wọ́, yíǹkì kán sí i. Wọ́n ṣì ń fi í hàn aráyé nínú gíláàsì.

13/ Ìtàn kẹta wà ní Amẹ́ríkà. Esther Howland ọmọ Worcester, ní Massachusetts, jáde ilé ìwé ní 1847. Ẹnì kan fi káàdì Valentine tó wá láti Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ta á lọ́rẹ. Ó wò ó, ó ní, "èmi náà lè ṣe èyí." Mi ò ní parọ́ fún yín: kì í ṣe tálákà. Bàbá rẹ̀ ní ilé ìtàwé, òun ló bá a ra pépà léèsì àti òdòdó pépà.

14/ Ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ná. Kò yá ṣọ́ọ̀bù, kò ra ẹ̀rọ. Bíi méjìlá péré ló ṣe, ó fi lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ́wọ́ bó ṣe ń rìnrìn àjò ọjà lọ. Bí wọ́n ṣe máa ń ìtàn rẹ̀, ó ń retí kí wọ́n béèrè fún ti $200. Ti $5,000 ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé dé! Ó bá sáré pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin wá sínú yàrá kan nílé wọn: ẹnì kan ń gé, ẹnì kan ń lẹ̀, ẹnì kan ń tò ó.

15/ Ọgbọ́n méjì ni mo jí lára rẹ̀. Àkọ́kọ́: ó máa ń fi pépà aláwọ̀ sábẹ́ pépà léèsì funfun kí àwòrán rẹ̀ lè yọ. Ìpele lórí ìpele, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì: ní 1879, ilé iṣẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé kékeré kan tí ọ̀rọ̀ oríṣiríṣi kún inú rẹ̀, kí ẹni tó ra káàdì lè yan èyí tó bá ọkàn rẹ̀ mu, kó gé e, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú. Ó mọ̀ pé káàdì tó rẹwà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò bá èèyàn mu, pépà lásán ni.

16/ Ìtàn kẹrin. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ èyí.
Oṣù Kejìlá, 1944, ní Auschwitz, àgọ́ ikú tí ìjọba Násì Jámánì kọ́ sílẹ̀ Poland. Àwọn obìnrin kan tí wọ́n kó lẹ́rú ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ohun ìjà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Fania, fẹ́ pé ọmọ 20 ọdún ní ọjọ́ 12.

17/ Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Zlatka ní kò ní kọjá bẹ́ẹ̀. Nínú àgọ́ yẹn, pépà lásán lè kó èèyàn sí wàhálà tó lè la ikú lọ. Zlatka wá pépà, wá sísọ́ọ̀sì. Kò sí gọ́ọ̀mù: ó po búrẹ́dì mọ́ omi. Búrẹ́dì o, níbi tí ebi ti ń pa wọ́n kú lọ! Ó gé pépà náà bí ọkàn, ó fi àjákù aṣọ bo ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi òwú kọ lẹ́tà F sí i.

18/ Bíi 20 obìnrin ló kọ ọ̀rọ̀ sínú káàdì kékeré yẹn, olúkúlùkù ní èdè tirẹ̀. Òmìnira ni ọ̀pọ̀ wọn tọrọ fún un. Nígbà tí wọ́n lé wọn jáde ní 1945 pé kí wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn nínú òtútù, abíyá ni Fania fi káàdì náà há. Ó yè é. Káàdì náà yè é pẹ̀lú. Ó wà nílé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Montreal, ní Kánádà, lónìí.

19/ Mi ò sọ ìtàn yìí kí ojú lè tì yín pé ẹ ń ráhùn. Rárá. Mo sọ ọ́ torí pé ó dá mi lóhùn. Èmi náà máa ń ronú pé "wọ́n á ní mo ń ṣahun ni mo ṣe fúnra mi ṣe é." Zlatka ò fún Fania ní pépà. Ohun tó fún un ni ẹ̀rí pé ẹnì kan rántí pé wọ́n bí i. Ẹ̀rí yẹn ò sí lórí igbá.

20/ Ó tó. Ẹ jẹ́ ká gbé ọgbọ́n wọn wá sórí tábìlì yín. Pépà A4 kan: ẹ gé e sí méjì, ẹ ṣẹ́ ìdajì kọ̀ọ̀kan po, káàdì méjì nìyẹn. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ ojú ìṣẹ́po kó lè dán. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó le, páálí kọnfúléèkì wà nílé. Ẹ lẹ pépà funfun bo ibi tó ní àwòrán.

21/ Gọ́ọ̀mù: ẹ po fúláwà díẹ̀ mọ́ omi, ẹ gbé e kaná, ẹ máa rò ó títí á fi ki bí ògì. Ẹ jẹ́ kó tutù. Kékeré ni kẹ́ ẹ fi o! Káàdì àkọ́kọ́ mi, mo da gọ́ọ̀mù sí i bí ẹni ń bu ọbẹ̀, ó ká kò bí ewé gbígbẹ. Ẹ fi ìwé tó wúwo lé e lórí mọ́jú.

22/ Ọ̀ṣọ́: ẹ lọ bá télọ̀ àdúgbò, ẹ tọrọ àjákù aṣọ. Àǹkárá tàbí àdìrẹ tó tó àtẹ́lẹwọ́ á ṣe káàdì mẹ́ta. Ẹ tún rántí àwọn ìyá wa tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn: ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ń ya ọnà, ìyẹ́ adìẹ ni bírọ́ọ̀ṣì wọn. Àwọn mìíràn á gé ọnà sára páànù, wọ́n á gbé e lé aṣọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ ra á kọjá. Ẹ̀yin, ẹ fi páálí ṣe páànù tiyín, kẹ́ ẹ fi fóòmù tẹ àwọ̀ sí i.

23/ Tí kò bá sí àwọ̀, abẹ́rẹ́ wà. Ẹ tẹ́ aṣọ ìnura sábẹ́ pépà, ẹ fi pẹ́ńsù ya ọnà sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ máa gún un ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Ẹ yí i padà. Ẹ gbé e sókè níwájú iná. Ẹ padà wá sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún mi.

24/ Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ, lórí pépà jákujàku, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan káàdì. Ẹ má wulẹ̀ da ọ̀rọ̀ ńláńlá kọ. Ẹ sọ ohun kan tí ẹ̀yin àti onítọ̀hún nìkan mọ̀. "Mo ṣì rántí ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé mi lé ẹ̀yìn kọjá omi yẹn, Mọ̀mí." Ilé ìtẹ̀wé wo ló lè bá yín tẹ ìyẹn?

25/ Marùn-ún àkọ́kọ́ lè má dára. Kò burú. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ má jù wọ́n nù, ẹ kọ déètì sí ẹ̀yìn wọn. Lọ́jọ́ kan, ẹ ó tò wọ́n sílẹ̀, ẹ ó rí ọ̀nà tẹ́ ẹ ti rìn.

26/ Ẹnì kan wà tẹ́ ẹ ti ń sọ látọdún tó kọjá pé ẹ máa kí. Ẹ̀yin náà mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ wá pépà kan lálẹ́ òní. Tí owó bá dé lọ́la, ẹ ra ẹ̀rọ. Àmọ́ ọmọ ọba Ìjẹ̀bú fi ìyẹ́ tí wọ́n fi ń ro etí ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dé etí wa lónìí.

Ẹ fi fọ́tò tiyín sábẹ́ ibí. Èyí tó wọ́ gan-an ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí.