Èkó Àgùdà: Erékùṣù tí Potogí Sọ Lórúkọ, tí Ọmọ Yorùbá Kọ́

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn awakọ̀ ojú omi tó wá láti ilẹ̀ Potogí kò wo ilé kankan kí wọ́n tó sọ Èkó lórúkọ. Omi ni wọ́n rí. Ìtàn sọ pé ní ọdún 1472 ni Ruy de Sequeira gúnlẹ̀ sí etíkun yìí. Lagos tí wọ́n wá ń pe ibẹ̀ túmọ̀ sí adágún odò ní èdè wọn. Ìlú kan náà wà ní gúúsù ilẹ̀ Potogí tó ń jẹ́ Lagos. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1444, wọ́n kó ẹrú 235 sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì pín wọn láàárín ara wọn. Etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti kó wọn. Orúkọ tí ìlú méjèèjì jọ ń jẹ́ yìí kò ṣàì ní ìtumọ̀ nínú ìtàn àwọn ènìyàn dúdú.

Àmọ́ ibẹ̀ ti lórúkọ kí àlejò tó dé. Èkó ni àwọn onílé ń pè é. Àwọn kan ní láti inú èdè Bìní ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, pé àgọ́ ogun ló túmọ̀ sí. Àwọn mìíràn ní oko ló di Èkó, nítorí pé oko ata Arómirẹ́ ni ibi tí ààfin Ìgá Ìdúngànràn wà. Èyí ó wù kó jẹ́, erékùṣù náà ní olówó orí tirẹ̀, ó sì ní ọba.

Ẹni tó bá gbéra ní Akínmọ̀rìn lónìí láti lọ wo erékùṣù yìí, yóò gba Fìdítì kọjá, yóò dé Ìbàdàn, yóò sì bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀. Bí ó bá dé orí afárá gígùn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1990, yóò rí ọ̀sà tó tẹ́ lọ bẹẹrẹ, tí oòrùn ń ta sí i lára, tí àwọn apẹja ń tu ọkọ̀ lórí rẹ̀. Ó lè rò nínú ara rẹ̀ pé ìlú àjèjì ni òun ń lọ. Ìtàn kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ará òkè ti rin ọ̀nà yìí rí, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi rìn ín, pẹ̀lú okùn lọ́rùn.

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń wó lọ, tí ó sì tú pátápátá láàárín àwọn ọdún 1830, ogun gba gbogbo ilẹ̀ kan. Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́ Ọjà, tí kò jìnnà sí Akínmọ̀rìn àti Ìlọrà. Àwọn tó rìnnà kore rí ibi sá sí. Àwọn tí ọwọ́ tẹ̀, ọjà ni wọ́n kó wọn lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, tí wọ́n mú ní ọdún 1821. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé ẹ̀rù omi bà òun gidigidi, nítorí pé òun kò rí irú rẹ̀ rí. Ní ọdún 1822 ni wọ́n kó o sínú ọkọ̀ Potogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ọmọ yìí ló di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther ní ọdún 1864.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe rò pé òyìnbó nìkan ló jẹ̀bi. Àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú àwọn tó kó Òṣogùn. Àwọn ọba àti olówó Èkó sì jẹ èrè òwò náà títí di oṣù kejìlá ọdún 1851, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá fọ́ ìlú, tí wọ́n lé Kòsọ́kọ́, tí wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861, wọ́n gba Èkó lọ́wọ́ Dòsùnmú.

Ọ̀pọ̀ tí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bá dé Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíìlì, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Potogí. Nàgó ni wọ́n ń pe àwọn Yorùbá níbẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké àti ní ìgboro. Wọ́n kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà, iṣẹ́ káfíńtà àti iṣẹ́ aṣọ rírán. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí inú wọn dìtẹ̀ sí àwọn ọ̀gá wọn ní Salvador. Màlé ni orúkọ tí ìtàn fi pe ìdìtẹ̀ náà. Ta ni kò mọ̀ pé Ìmàle wa ni? Lẹ́yìn ìyà tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ti ra ara wọn padà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn relé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Títí di ẹ̀yìn ọdún 1888, tí Bràsíìlì fòpin sí oko ẹrú, wọ́n ń bọ̀.

Àwọn ni Èkó ń pè ní Àgùdà. Àwọn Sàró tó ti Freetown dé fìdí kalẹ̀ sí Olówógbowó. Àwọn Àgùdà tẹ Pópó Àgùdà dó. Orúkọ òpópónà ibẹ̀ ń sọ ìtàn wọn síbẹ̀: Campos, Martins, Bámgbóṣé, Tókunbọ̀. Ọmọ tó ti òkun bọ̀ ni Tókunbọ̀.

João Esan da Rocha jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n mú un ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ó dàgbà sí Bàhíà, ó sì padà wá sí Èkó pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Ó kọ́ ilé kan sí òpópónà Kakawa, ó gbẹ́ kànga síbẹ̀, àwọn ará ìlú sì ń wá ra omi lọ́dọ̀ rẹ̀. Ilé Olómi ni wọ́n ń pe ilé náà. Ẹni tí wọ́n gbé kọjá omi iyọ̀ bí ẹrù ló wá ń bu omi mímu fún Èkó.

Nígbà tí Mohammed Shitta Bey fẹ́ kọ́ mọ́ṣáláṣí, ọwọ́ João Baptista da Costa, oníṣẹ́ ọwọ́ Àgùdà, ni ó gbé e lé. Ní ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Bẹ́ẹ̀ sì ni láàárín àwọn Àgùdà kan náà ni ìjọ Kátólíìkì ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ ní Èkó. Ìdí nìyẹn tí àwọn Yorùbá fi ń pe ìjọ náà ní Ìjọ Àgùdà títí dé àwọn ìlú òkè tí Àgùdà kankan kò gbé rí. Wọ́n tún mú fìrèjọ́n wá, ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè, tí wọ́n ń jẹ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere.

Iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò dúró sí Èkó. Nígbà tí owó kòkó dé, àwọn olówó ilẹ̀ Yorùbá fẹ́ ilé bí ti Àgùdà: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàárín, tí yàrá kọjú síra lápá ọ̀tún àti òsì, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ya òdòdó sí òpó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú ní irú ilé bẹ́ẹ̀ títí di òní. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá lábẹ́ irú rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé ń kọjá lábẹ́ ìtàn tó ti Bàhíà wá.

Ṣùgbọ́n àwọn ilé náà ń lọ. Ilé Fernandez, tí wọ́n kọ́ sí ìdí Tinúbú ní ọdún 1855, tí a wá mọ̀ sí Ìlọ́jọ̀ Bar, di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Ohun tí òfin dáàbò bò fún ọgọ́ta ọdún di àwókù ní ọjọ́ kan. Kò sí ìwé tó lè dá bíríkì rẹ̀ padà.

Nítorí náà, ó tọ́ kí olùkọ́ tó bá kó àwọn ọmọ iléèwé lọ sí Èkó má ṣe fi etíkun nìkan hàn wọ́n. Kí ó mú wọn dé Pópó Àgùdà, kí wọ́n ka orúkọ ara ògiri, kí wọ́n béèrè ẹni tó kọ́ ilé àti ibi tí ó ti kọ́ iṣẹ́. Bí wọ́n bá padà dé Akínmọ̀rìn, kí wọ́n tún wo àwọn ilé àtijọ́ ìlú tiwọn, kí wọ́n sì bi àwọn àgbà léèrè kí àwọn tó mọ̀ tó lọ. Potogí ló fún erékùṣù náà lórúkọ tí ayé ń pè. Àwọn ọmọ tí a tà, tí wọ́n sì padà wálé, ni wọ́n kọ́ ilé sí i. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.