Kí Àwọ̀ Tó Kan Awọ

Àwọn àgbà ní ẹja gbígbẹ kò ṣe é ká. Awọ gbígbẹ ṣe é ká ní tirẹ̀, bí ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ bá mọ iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó ṣe sí i kí ó tó kùn ún. Ìmọ̀ yìí kì í hàn sójú olùrajà, nítorí àwọ̀ ni ó ń bò ó mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, òun ni ìpìlẹ̀ ọnà awọ.

Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, ó sọ pé ní ìgbà àtijọ́, oníṣẹ́ awọ kọ̀ọ̀kan ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe awọ tí yóò lò. Ó ka dúdú, funfun àti àwọ̀ ewé mọ́ àwọn àwọ̀ tí wọ́n ń kùn ún. Gàárì ẹṣin, àkọ̀ idà, tìmùtìmù, bàtà àti làbà oníṣàngó wà lára ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ẹni tí ó bó irun kúrò lára awọ ewúrẹ́ náà ni ó ń kùn ún, òun náà ni ó sì ń gé e.

Kí ni ó mọ̀? Bí awọ bá gbẹ, àwọn fọ́nrán inú rẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ ara wọn, yóò sì le gbagidi. Bí a bá kùn ún bẹ́ẹ̀, ibì kan yóò mu àwọ̀ jù, ibòmíràn kò sì ní mu tó. Bí a bá ká a, yóò sán. Nítorí náà, omi ni ó ń ṣáájú. A ó fi aṣọ tí a rẹ sínú omi, tí a sì fún, nu ẹ̀yìn rẹ̀, a ó wé e sínú aṣọ náà di ọjọ́ kejì, kí ọ̀rinrin lè dé ibi gbogbo dọ́gba. Lẹ́yìn èyí, a ó máa fà á síwá sẹ́yìn létí igi títí yóò fi rọ̀. Òróró díẹ̀ ni a ń fi pa á, nítorí omi àwọ̀ kì í wọ awọ tí òróró ti kún. Nígbà tí a bá kùn ún tán, ibòòji ni a ó sá a sí. Bí ó bá gbẹ, a ó tún fi òróró díẹ̀ sí i.

Gbólóhùn Johnson pé ìgbà àtijọ́ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fi hàn pé iṣẹ́ náà ti ń pín sọ́wọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí. Lónìí, ọ̀pọ̀ oníṣọ̀nà ń ra awọ tí ẹlòmíràn ti ṣe, tí ó sì ti gbẹ lórí àtẹ. Ohùn ni ó ya awọ sọ́tọ̀ sí àwọ̀ lẹ́nu wa. Lọ́wọ́ oníṣẹ́, rírọ̀ ni ó so wọ́n pọ̀. Ẹni tí ó bá kọ́ gígé àti kíkùn nìkan, ìdajì iṣẹ́ ni ó kọ́.